Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Padà Sọ́wọ́ Onílé

Ẹni tó kọ́lé ló ni ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó yàrá ló ni yàrá náà títí àkókò tó sanwó fún yóò fi pé, tí yóò sì fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Orí èyí ni òfin onílé àti ayálégbé dúró lé ní Nàìjíríà. Oṣù tó gbẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ jù, nígbà tí ayálégbé ti sọ pé òun ń kó lọ, tàbí tí onílé ti ní kó máa lọ. Lásìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe bí ẹni pé ilé ti padà sọ́wọ́ àwọn. Wọ́n á mú ẹni tó fẹ́ gba yàrá wá láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣílẹ̀kùn nígbà tí ayálégbé wà níbi iṣẹ́, wọ́n á ní kí akunlé bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Àwọn ayálégbé náà ní tiwọn. Òmíràn á ti gba ilé tuntun, á kó ìdajì ẹrù lọ, á ti ìyókù mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, kò ní sanwó, kò sì ní dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, agbo ilé ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ilé àyágbé tó dé. Láyé àtijọ́, àjèjì tó bá wọ Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ a máa dé sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú agbo ilé, onítọ̀hún ni yóò sì máa dúró fún un láàárín ìlú. Kì í sanwó yàrá. Ó lè bá wọn ṣiṣẹ́ oko, bó bá sì fẹ́ lọ, ìdágbére ni yóò ṣe. Àwọn tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò tí iṣẹ́ gbé wá láti ibòmíràn ló sọ yàrá di ohun tí wọ́n ń fowó gbà. Nígbà tí Yunifásítì Landmark bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní 2011, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó wá ṣòwò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nílò ilé nígboro. Ní Òró, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Kwara wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń wá yàrá kiri.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le níhìn-ín ju ti ìlú ńlá lọ ni pé ọ̀pọ̀ onílé kò sí nílé. Ọmọ Ìgbómìnà tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn, Kánò tàbí òkè òkun a máa kọ́lé sílé, á fi í sọ́wọ́ àbúrò, ìyekan tàbí kíátékà. Àdéhùn ẹnu ló pọ̀ jù, rìsíìtì ibòmíràn kò sì ju ojú ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Òfin kò fi ojú asán wo àdéhùn ẹnu. Bí kò bá ti ju ọdún 3 lọ, ó múlẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ayálégbé bá ń lọ, ohun tí onílé rántí àti ohun tí ayálégbé rántí kì í bára mu mọ́.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń kà lórí fóònù nípa ẹ̀tọ́ ayálégbé, òfin Èkó ni. Èkó ṣe Òfin Ilé Gbígbé tirẹ̀ ní 2011, ó sì sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí àti ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, àti pé onílé tó bá fẹ́ wá wo ilé gbọ́dọ̀ kọ̀wé tẹ́lẹ̀, kí ó sì wá lọ́sàn-án, ní àkókò tó bójú mu. Òfin yẹn kò dé Òmù-Àrán, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àní, kò dé Ìkòyí àti Victoria Island ní Èkó fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí Kwara jogún ni òfin gbígba ilé padà tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1945. Agbègbè Àríwá gbé òfin náà sínú ìwé òfin tirẹ̀, Kwara sì bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀bìbí 1967. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀, abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì borí gbogbo wọn: ó dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà àti ti ilé tó ń gbé. Kò bèèrè bóyá ilé náà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ó yá a gbé.

Nótíìsì ni ìbẹ̀rẹ̀ kíkó lọ. Bí àdéhùn bá ti sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jẹ́, ohun tó sọ náà ni wọn yóò tẹ̀lé. Bí kò bá sọ nǹkan kan, òfin ló ń dá a: ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, oṣù 1 fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù 3 fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù 6 fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ní Òmù-Àrán, sísan lọ́dọọdún ló wọ́pọ̀, nítorí náà oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí. Ó tún gbọ́dọ̀ bá òpin ọdún ilé náà mu. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, òpin oṣù Èrèlé ni ọdún rẹ̀ ń pé. Onílé tó bá fẹ́ kí ó jáde nígbà yẹn gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé kí oṣù Ògún tó parí. Ìwé tó bá dé nínú oṣù Bélú pé kí ó kúrò ní Èrèlé kò pé.

Ọ̀nà méjì ni nótíìsì, èyí sì ni àwọn ayálégbé kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún tó bá fẹ́ kó lọ jẹ onílé ní oṣù 6 kan náà, àfi bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí iye mìíràn. Bí ayálégbé bá kàn pe onílé lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé pé òun ń kó lọ lọ́jọ́ Ajé, onílé lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbójú fo èyí, nítorí onílé tó ti rí ẹlòmíràn tí yóò san owó tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ kì í bínú.

Ibì kan wà tí kúìtì nótíìsì kò pọn dandan. Bí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ pé ọdún kan péré ni ayálégbé gba ilé, tó sì dárúkọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ọjọ́ náà tó bá pé ti parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé ọlọ́jọ́ 7, tó ń sọ pé onílé ń lọ sí kóòtù, nìkan ló kù kí onílé tó gba kóòtù lọ.

Ta ló lè fúnni ní nótíìsì? Onílé ni, tàbí aṣojú rẹ̀. Lójú òfin, ẹni tó máa ń gba owó ilé tàbí tó máa ń fi ilé lélẹ̀ fún onílé ni aṣojú, tàbí ẹni tí onílé fi ìwé yàn fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Lọ́yà pàápàá nílò ìwé àṣẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ikú onílé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí á dé láti Àbújá, á ní òun ni kí wọ́n máa sanwó fún. Ìyàwó kejì á ní òun ni. Àbúrò olóògbé tó ti ń gbowó láti ọdún mẹ́wàá á ní kò sóhun tó yí padà. Ikú onílé kì í lé ayálégbé jáde. Àwọn tó jogún ilé jogún àdéhùn tó wà lórí rẹ̀. Ayálégbé tí ẹnu àwọn ẹbí kò kò lè máa sanwó fún ẹni tó ń san án fún tẹ́lẹ̀ títí wọn yóò fi fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí ó sì rí i pé òun ń gba rìsíìtì.

Láàárín ọjọ́ tí nótíìsì dé àti ọjọ́ tí ẹrù jáde ni ọ̀rọ̀ wíwọlé onílé ti máa ń di ìjà. Òfin ka yàrá tí ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀ sí ìkáwọ́ ayálégbé nìkan. Onílé tó bá wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ ti ṣe ohun kan náà tí àjèjì ì bá ṣe, ayálégbé sì lè pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ kí ó sì gba owó ìtanràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ onílé nínú rárá, pàápàá àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé kan náà, tó máa ń ti ilẹ̀kùn ayálégbé wọlé bó ṣe ń ti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ti ayálégbé bá sọnù ló wà fún. Bí iná bá ń jó nínú yàrá, tàbí tí omi ń ya láti inú páìpù tó bẹ́ tí ẹni tó ni yàrá kò sì sí nítòsí, kò sí adájọ́ tí yóò bá onílé wí pé ó ṣílẹ̀kùn. Yàtọ̀ sí èyí, àdéhùn nìkan ló lè fún un láyè.

Nítorí náà, àwọn ìwé àdéhùn tó dára máa ń ní ìlà kan lórí èyí: pé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ lè wọlé wá wo ilé tàbí tún un ṣe lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó bá ti sọ tẹ́lẹ̀, àti pé nínú oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó lè mú ẹni tó fẹ́ gba ilé wá wò ó. Bí ìlà yẹn kò bá sí, ayálégbé lè kọ̀. Kíkọ̀ pátápátá kò bọ́gbọ́n mu ṣá, nítorí onílé tí kò rí ẹni gba ilé kì í yára dá kọ́ṣọ̀n padà, ìyẹn owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe ni kí wọ́n yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, bí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí éjẹ́ńtì kó gbogbo àwọn tó fẹ́ wò ó wá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ayálégbé tàbí ẹni tó fi síbẹ̀ sì wà nílé. Owó, ìwé-ẹ̀rí àti wúrà á ti kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Èjìká éjẹ́ńtì kọ́ ni ẹ̀bi olè tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ètò yìí dáadáa, nítorí níbẹ̀ òfin ní onílé tó fẹ́ wá wo bí ilé ṣe rí gbọ́dọ̀ kọ̀wé ní wákàtí 24 ṣáájú. Àwọn kan nínú wọn ni onílé ní Òmù-Àrán, síbẹ̀ kíátékà wọn kò mọ wákàtí kankan.

Bí ọjọ́ nótíìsì bá pé tí ayálégbé kò jáde, onílé kò ní àṣẹ láti lé e fúnra rẹ̀. Ìwé kejì ló kàn, ìwé ọlọ́jọ́ 7, tó ń sọ fún ayálégbé pé onílé ń lọ sí kóòtù láti gba ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 tó pé gbáko ni ẹjọ́ yóò tó dé kóòtù májísíréètì, bí irú èyí tó wà ní Òmù-Àrán. Adájọ́ lè fún ayálégbé ní àkókò díẹ̀ sí i kí ó fi wá ibi tí yóò kó lọ. Bélíìfù kóòtù ni yóò kó ẹrù síta bí ó bá di dandan.

Ṣíṣí páànù orí ilé ayálégbé, yíyọ ilẹ̀kùn rẹ̀, gígé wáyà iná, fífi àgádágodo mìíràn tì í mọ́ta: gbogbo rẹ̀ lòdì sófin, ì báà jẹ́ pé ayálégbé jẹ gbèsè ọdún méjì. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ìlànà yìí múlẹ̀ ní 1986 lórí ọ̀ràn Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, ẹni tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fi àwọn agbófinró lé jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Bí ìjọba ológun kò bá lè ṣe é, onílé kò lè ṣe é. Ọlọ́pàá náà kò sí nínú rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, owó ilé sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Onílé tó bá ń pe ọlọ́pàá wá fi dẹ́rù ba ayálégbé kàn ń náwó sí ìgbèsè mìíràn ni.

Òfin kò wà lẹ́yìn ayálégbé nìkan o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ayálégbé kan a máa fi àléébù kékeré nínú nótíìsì, bí ọjọ́ tó fi díẹ̀ yẹ̀, gbé ilé onílé fún ọdún gbọọrọ láìsanwó. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: bí nótíìsì bá ní àbùkù, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí onílé fi ránṣẹ́ láti kóòtù ti tó láti jẹ́ kí ayálégbé mọ̀ pé onílé ń fẹ́ ilé rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ayálégbé bá sì lò lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti pé, yóò sanwó rẹ̀, wọn yóò sì ṣírò rẹ̀ títí di ọjọ́ tó fi ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìjà yìí ní Ìgbómìnà kì í dé kóòtù. Ìjókòó àwọn àgbà agbo ilé tàbí ààfin ni wọ́n ti ń parí rẹ̀, èyí sì yá, kì í náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbẹ̀ yẹ kí ó wà lórí ìwé, nítorí àṣẹ àgbà kò lè rọ́pò àṣẹ kóòtù bí ọ̀rọ̀ bá di kí wọ́n kó ẹrù ẹnì kan síta.

Ọjọ́ kíkó jáde ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kẹ́rù lọ tán, onílé tàbí kíátékà àti ayálégbé á jọ yí yàrá ká, aládùúgbò kan á sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ka lúfà ojú fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò, wọ́n á fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á tan iná ní yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo sílíǹ bóyá òjò ti bà á jẹ́, wọ́n á ka nọ́ńbà tó wà lójú mítà. Gbogbo rẹ̀ á wọ inú ìwé kan, títí kan iye kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n dá padà, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì fi fóònù ya àwòrán ibi gbogbo. Ìdajì wákàtí ni. Bí wọn kò bá ṣe é, kọ́ṣọ̀n náà di ohun tí ẹni tó pariwo jù yóò mú lọ.

Lórí kọ́ṣọ̀n, ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé ni onílé lè yọ owó rẹ̀, kì í ṣe ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri tó ti ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, eruku ọyẹ́ tó ti rọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹ: ògbó ni. Síńkì tó fọ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n dá ihò sí, ògiri tí èéfín sítóòfù ti sọ di dúdú: ti ayálégbé ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2007, onílé kò lè kàn fi irú owó yìí sápò mọ́ láìdáàbò bò ó. Ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí, lónìí láàárín ọjọ́ 30 tó gbà á. Ní Òmù-Àrán, ọwọ́ onílé ni owó náà ń wà, ó sì sábà máa ń ti tán kí ayálégbé tó lọ. Abájọ tí àwọn kan fi ń ní kí wọ́n kà á mọ́ owó ilé oṣù tó gbẹ̀yìn. Kò sí òfin tó gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀ bí onílé kò bá fọwọ́ sí i.

Gbèsè iná ni kó tán kí kọ́kọ́rọ́ tó padà. Mítà IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, kì í tẹ̀lé ayálégbé lọ, gbèsè tó bá sì wà lórí ìwé iná ilé náà, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ni wọn yóò gé iná mọ́ lójú. Ohun tí ayálégbé gbé wọlé, bíi fáànù tó so mọ́ sílíǹ, irin ojú fèrèsé, táńkì omi àti sólà tó wà lórí páànù, ó lè tú wọn lọ bí kò bá ní ba ilé jẹ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà ni. Èyí tó bá kù nínú wọn lẹ́yìn náà ti di ara ilé. Oko ẹ̀yìnkùlé ní àlàyé tirẹ̀. Bí onílé bá dá àdéhùn tí kò ní òpin kan pàtó dúró nígbà tí àgbàdo tàbí iṣu ṣì wà nílẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀bi ayálégbé, ayálégbé lè padà wá kó o. Ẹni tó fúnra rẹ̀ dágbére kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Igi ọsàn àti àgbọn kò sí nínú rẹ̀: ó ti di ti ilẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín.

Owó ilé tí ayálégbé ti san sílẹ̀ tó sì lọ kí àkókò tó pé kì í padà, àfi bí wọ́n bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí tí onílé ló fẹ́ kí ó tètè lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n jù gba ojú fèrèsé wọlé tàbí tí wọ́n fi sọ́dọ̀ aládùúgbò kò parí àdéhùn. Ìgbà tí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ bá gbà á tó sì gbà pé ilé ti bọ́ sọ́wọ́ òun ni owó ń dúró.

Bí ayálégbé bá lọ tó sì fi àwọn ẹrù kan sílẹ̀, onílé kò lè tà wọ́n lójú ẹsẹ̀ fi san gbèsè, kò sì lè dáná sun wọ́n. Yóò ka ẹrù náà níṣojú ẹlẹ́rìí, yóò tọ́jú wọn sí ibi tí òjò kò ní rọ̀ sí wọn lórí, yóò kọ̀wé sí ayálégbé tàbí ẹni tó dúró fún un pé kí ó wá kó wọn ní ọjọ́ kan pàtó. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò sẹ́ni tó yọjú, ó lè tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù láti tà wọ́n.